Kìlómítà 5 láàárín iṣẹ́ oòjọ́: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin àbúrò wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 5, tí ẹ sì ní ṣọ́ọ̀bù láti ṣí, kíláàsì láti wọ̀, tàbí ọ̀gá tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ jáde, ẹnì kan yóò bi yín pé, "Ta ló ń lé yín?" Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má dá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́; ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta kún ara yín.

Eré kékeré ni àwọn asáré ń pe kìlómítà 5, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré àsápajúdé. Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Rẹ́mọ, sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ní Atlanta lọ́dún 1996, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. À ń fi í yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí pápá po o. Kìlómítà 5 jẹ́ ìyípo 12 àti ààbọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára eré 400 múra sílẹ̀ fún un lójoojúmọ́, ojúgun rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá a wí.

Èyí tó ṣòro jù láti gbà ni sísáré jẹ́jẹ́. Nínú ìgbaradì mẹ́ta lọ́sẹ̀, méjì gbọ́dọ̀ rọrùn débi pé ẹ lè ki oríkì ìdílé yín ní ìlà mẹ́ta láìdúró gba èémí. Bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ìlà kan, eré náà ti yá jù. Ẹ dín in kù, kódà kí àgbàlagbà tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yín dọ́gba. Ojú máa ń ti ọ̀dọ́ níbi yìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni eré náà wà. Ọkàn àti èémí tètè ń mọ́ra. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ ó ti rí i pé mímí ti dẹrùn. Egungun àti àwọn iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í yá tó bẹ́ẹ̀, oṣù ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin tí ara ń sọ pé "ó ti tó, jẹ́ ká fi kún un" gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣèṣe. Èémí ti ṣe tán, ẹsẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fún ẹni tó lè rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rin ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ sáré ìṣẹ́jú 3, ẹ rin 1, ẹ̀ẹ̀meje. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ sáré 8, ẹ rin 2, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìkẹfà, ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Ní ìkeje, ọgbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ti eré fúnra rẹ̀, ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le jù, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kọjá. Ẹ má fi ọjọ́ méjì ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ rìnrìn àjò. Èyí tó lọ ti lọ.

Wàyí o, iṣẹ́ oòjọ́. Ara kò ní ìwé ìṣirò méjì, ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún iṣẹ́. Bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù látàárọ̀, olùkọ́ tó dúró ní ìdí pátákó fún wákàtí márùn-ún, télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, gbogbo wọn ti lo ẹsẹ̀ wọn kí eré tó dé. Ẹni tó bá fi eré líle sí ìrọ̀lẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́jọ́ kan. Òwúrọ̀ ló dára, láàárín aago 5:45 sí 6:45, kí oòrùn tó le, kí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gba ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ọrún, ètò tó sọ pé Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta kò lè bá yín mu. Ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún pé, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ka ètò yín mọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà, ẹ má sáré rárá. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ìrìn tàbí eré jẹ́jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹta, èyí tó gùn tàbí tó le. Ọjọ́ kẹrin, ẹ ń di ẹrù, ẹ sinmi. Ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ìgbà kan náà lọ́sẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń gbé ẹrù méjì. Bákan náà ni ìṣọ́ òru àti òde ọjọ́ Àbámẹ́ta: òwúrọ̀ tó bá tẹ̀ lé àìsùn, eré jẹ́jẹ́ nìkan, tàbí kí ẹ sùn. Bí Iléyá bá sì dé, tí ìmúra Ojúde Ọba gba gbogbo ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ fi ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ fún eré jẹ́jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Bàtà ni owó ń lọ sí, òkìrìkà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Kò burú, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ gbé e lé orí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn: bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti fi ìrìn tirẹ̀ sínú rẹ̀, orúnkún yín ni yóò san gbèsè náà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀, kó sì padà jáde kíá. Bó bá le bí igi, tàbí tí ó ti hunjọ ní ìlà-ìlà tí kò padà, ó ti kú. Ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ṣẹ́, kì í ṣe agbedeméjì. Ẹ wo gọ́ọ̀mù tó so àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ara bàtà yí ká, nítorí bàtà tó ti pẹ́ ní ìpamọ́ máa ń ṣí lẹ́nu lọ́jọ́ tí ọ̀dà ọ̀nà bá gbóná. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, ìgbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè ìbú àtàǹpàkò kan sì wà níwájú ìka tó gùn jù. Bí kò bá sí àyè yẹn, èékánná yóò dúdú.

Ilẹ̀ tí ẹ ń sá lé lórí ṣe pàtàkì bí bàtà. Ọ̀nà ọ̀dà wa máa ń dà sí ọ̀nà gọ́tà kí omi lè ṣàn. Ẹni tó bá ń sá ní etí ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ ju èkejì lọ, ìbàdí àti orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dunni láìsí ìdí tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Pápá ilé-ìwé tàbí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó tẹ́jú dára jù fún ìdajì eré yín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà, ẹ máa sá ní ọwọ́ òsì, kí ẹ lè kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Òpópónà Ṣàgámù sí Benin kì í ṣe ibi eré o, àti ti Èkó sí Ìbàdàn.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kọ́ ìwọ̀n eré. Bí ẹ bá ní pápá tó ní ìlà, ìlà inú lọ́hùn-ún ni mítà 400. Bí kò bá sí, ẹ yá téèpù gígùn lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ẹ wọn mítà 100 sí ọ̀nà tó tọ́, kí ẹ fi òkúta sàmì sí i. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ka pápá kékeré dáadáa, ó máa ń gé igun.

Ẹni tó fẹ́ parí ní ìṣẹ́jú 30 gbọ́dọ̀ sá ìyípo kan ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ti ìṣẹ́jú 35 jẹ́ 2:48, ti ìṣẹ́jú 25 jẹ́ 2:00 géérégé. Lẹ́yìn eré ìmárayá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sá mítà 400 márùn-ún, kí ẹ sì máa rin ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn. Ẹ wò ó báyìí: fún ti 2:24, tí ẹ bá dé mítà 200, aago gbọ́dọ̀ ka 1:12. Bó bá ka 1:00, ẹ ti ná owó tí ẹ kò ní. Mítà 100 tó tẹ̀ lé e, èjìká á gòkè, ọwọ́ á di ẹ̀ṣẹ́, àgbọ̀n á le. Ara tó fún ni wọ̀nyí. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tú ìka bí ẹni tó mú ẹyin tí kò fẹ́ fọ́. Àmì pé ẹ ṣe é dáadáa ni pé ìkarùn-ún àti àkọ́kọ́ kò fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 jura lọ. Joshua Cheptegei ti Ùgáńdà sá mítà 5000 ní 12:35.36 ní Monaco lọ́dún 2020, ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan ló sì ń lò yí pápá po, ìyípo kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹni tó yára jù láyé nínú eré mítà 5000 bá lè ní sùúrù fún ìwọ̀n, kí ló ń kán wa lójú?

Ìrora ojúgun pọ̀ lára ẹni tuntun. Ẹ fi ìka kan tẹ eteetí egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ń dunni káàkiri ibi tó gùn tó ọmọ ìka, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara bá ti yá, ẹ dín eré kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kúrò lórí ọ̀dà, ẹ wo bàtà yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí orí ìka lè bò, tó ń dunni lóru, tó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń sá, ẹ dúró, kí ẹ lọ sí ọsibítù. Egungun lè ti fẹ́ là. Ẹ má gbé ibuprofen mì láti lè sá: ó ń bo ìrora tó fẹ́ kìlọ̀ fún yín, àti pé nínú ara tí omi ti gbẹ, kíndìnrín ló ń dà láàmú. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń gún yín, ẹ dín eré kù, kí ẹ mí èémí jáde pátápátá, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀. Oúnjẹ tó sún mọ́ eré jù ló sábà máa ń fà á. Ibà ní tirẹ̀ kì í gba àríyànjiyàn: bí ara bá gbóná, kò sí eré, àti fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn bá tán.

Ní ti oúnjẹ, gààrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù rẹ dùn, ṣùgbọ́n ó ń wú nínú, kíkan rẹ̀ sì ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun bí ẹ bá ń sáré. Ẹ fi sí ọ̀sán. Ìkọ́kọrẹ́ dára ní alẹ́ tó ṣáájú eré, bí epo rẹ̀ kò bá pọ̀ jù, tí ẹ sì jẹ ẹ́ kí aago 8 tó lù. Ẹ̀wà má wọlé láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí búrẹ́dì díẹ̀, ó kéré tán wákàtí kan àbọ̀ sí eré. Omi inú ọ̀rá kan, díẹ̀díẹ̀, tó. Eré tí kò tó wákàtí kan kò nílò ohun mímu olówó gọbọi. Obì ni Rẹ́mọ mọ̀ dáadáa, kaféènì tó wà nínú rẹ̀ sì ń la ojú, nítorí náà ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn aago 3 ọ̀sán tí ẹ bá fẹ́ sùn. Oorun ni gbogbo ìgbaradì yìí ń dúró dè kó tó di agbára.

Lọ́jọ́ eré, ẹ má wọ ohun tuntun kankan. Ẹ fi básílíìnì pa abẹ́ apá àti itan. Kìlómítà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bí ẹni pé ẹ ń jáfara. Bí ìfojúsùn bá jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ẹ sá a ní 6:05 sí 6:10, kí gbogbo àwọn tó ń fò kọjá lọ máa fò. Ẹ ó bá púpọ̀ nínú wọn ní kìlómítà kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń rìn. Kìlómítà kẹrin yìí wúwo fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má ronú lórí èyí tó kù. Ẹ ka ìṣísẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Mítà 400 tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ tó tú ohun tí ẹ pa mọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti kọjá ìlà, ẹ má jókòó, ẹ má dúró gbọn-in. Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ nínú ẹsẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá dáwọ́ dúró lójijì, òòyì á kọ́ yín. Ẹ rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ wo ẹni tó parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú: bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ra, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ gbé e sí abẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ ọsibítù. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ yọ okùn bàtà, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, kí ó lè gbẹ fún eré jẹ́jẹ́ ọjọ́ kẹrin.