Okùn, Ẹrù àti Ipa Gẹdú: Ohun Tó Pa Àwọn Gíláídà ní Broadway, 1944

Bí wọ́n bá dárúkọ ogun Bọ́mà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn Japan ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1944, ní pápá kan láàárín igbó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní Broadway, sójà tó lé ní ogún ló kú láìsí ọ̀tá kankan nítòsí tó yìnbọn sí wọn. Bíbalẹ̀ ló pa wọ́n. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ débẹ̀ rárá, okùn tó ń fà wọ́n ti já lójú ọ̀nà.

Sójà Chindit ni wọ́n, ọmọ ogun ọ̀gágun Orde Wingate, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wọ ẹ̀yìn àwọn ará Japan kí wọ́n sì gé ọ̀nà oúnjẹ àti ọta mọ́ wọn lọ́wọ́. Ikọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tí Philip Cochran àti John Alison ń darí ló fẹ́ gbé wọn wọlé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí gíláídà kọ́kọ́ balẹ̀ pẹ̀lú sójà díẹ̀ àti katapílà, kí àwọn yẹn tún ilẹ̀ ṣe, kí bàálù Dakota tó ní ẹ́ńjìnnì wá máa kó èyí tó pọ̀ wọlé láti ọjọ́ kejì.

Gíláídà ni bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n lò, Waco CG-4A, páìpù irin ni egungun ara rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo ara náà, pákó ni ilẹ̀ inú rẹ̀ àti egungun apá rẹ̀. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 83. Awakọ̀ 2 àti sójà 13 ló ń gbà, tàbí jíìpù kan, tàbí katapílà kékeré kan. Ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 7,500 pọ́n-ùn nínú ìwé. Imú rẹ̀, níbi tí awakọ̀ méjèèjì jókòó sí, máa ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí kí ẹrù lè gba iwájú jáde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ imú yẹn sọ́kàn.

Dakota ní ẹ́ńjìnnì 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 1,200. Bó bá ń fa gíláídà kan ṣoṣo, ó ṣì ní agbára tó lè fi gun òkè. Lóru ọjọ́ yẹn, méjì méjì ni wọ́n so mọ́ Dakota kọ̀ọ̀kan, nítorí pé Dakota kò pọ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Okùn ọ̀tún àti okùn òsì kì í gùn bákan náà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ kí apá gíláídà méjèèjì má baà kọlu ara wọn. Awakọ̀ gíláídà gbọ́dọ̀ máa fò sókè díẹ̀ ju ẹ̀yìn Dakota lọ, torí atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn máa ń gbọn ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ jìgìjìgì. Ní ọ̀sán gangan, iṣẹ́ yìí ń gba agbára apá. Lóru, iná tó ń jáde lẹ́nu ìpasẹ̀ èéfín ẹ́ńjìnnì Dakota ni awakọ̀ fi ń mọ ibi tí ẹni tó ń fà á wà.

Okùn nylon ni okùn náà. Nylon lágbára, ó sì máa ń fà gùn, ṣùgbọ́n ìfàgùn yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí Dakota bá ṣubú lu kòtò atẹ́gùn, okùn á dẹ̀. Bó bá tún gbéra sókè, okùn á le lójijì, á sì já gíláídà síwájú. Gíláídà tó já síwájú á fẹ́ sáré bá Dakota, okùn á tún dẹ̀, ìjágbà tó kàn á wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹrù bá wà ní ìwọ̀n, okùn lè fara dà á. Àmọ́ àwọn sójà tó ń lọ ẹ̀yìn ọ̀tá mọ̀ pé ohun tí àwọn bá gbé dání ni àwọn máa jẹ, òun náà ni àwọn máa yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ki ọta àti oúnjẹ kún ẹrù láìsọ fún ẹni tó ń wọn ẹrù. Mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ okùn kò mọ ìdí tí ẹrù fi pọ̀.

Láti Lalaghat ní Assam, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti gbéra. Kí wọ́n tó dé Broadway, wọ́n ní láti kọjá lórí àwọn òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7,000. Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kí okùn àkọ́kọ́ tó já. Pápá méjì ni wọ́n pinnu láti balẹ̀ sí, Broadway àti Piccadilly. Wingate ti kìlọ̀ pé kí bàálù kankan má fò kọjá lórí wọn mọ́ kí ọ̀tá má baà fura. Cochran rán ẹnì kan lọ ya fọ́tò síbẹ̀. Fọ́tò náà dé nígbà tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n gbéra: ìtì gẹdú ti kún Piccadilly láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gbogbo ojú yíjú sí ara wọn, ṣé ẹnì kan ti tú àṣírí ni? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá gbọ́ pé àwọn agégẹdú ilẹ̀ Bọ́mà ló kó igi tíìkì wọn sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè gbẹ. Bí kì í bá ṣe fọ́tò tí wọ́n yà láìgbàṣẹ yẹn, orí ìtì igi ni ìdajì àwọn gíláídà náà ì bá balẹ̀ sí lóru.

Wọ́n darí gbogbo wọn sí Broadway. Ìpinnu tó dára ni, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé èrò pápá méjì á wá máa dà sórí ẹyọ kan.

Gíláídà 61 ló gbéra. Èyí tó dé Broadway kò ju 35 lọ. Òṣùpá mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n kùrukùru bo àwọn òkè náà, awakọ̀ kò sì rí Dakota tó ń fa òun dáadáa. Okùn ń já lórí àwọn òkè náà. Àwọn kan bọ́ sí ìhà ilẹ̀ Íńdíà, àwọn mìíràn bọ́ sí ààrin àwọn ará Japan. Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò: àwọn tó já bọ́ káàkiri yìí da orí àwọn ọ̀gágun Japan rú, wọn kò tètè mọ ibi tí ìkọlù náà ń lọ gan-an.

Ní Broadway fúnra rẹ̀, eèsún ló bo ilẹ̀. Láti òkè, pápá náà tẹ́jú. Àmọ́ àwọn agégẹdú ti fa igi kọjá níbẹ̀ lásìkò òjò, igi náà sì ti gbẹ́ kòtò gbọọrọ gbọọrọ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, kòtò wọ̀nyí gan bí irin, eèsún sì hù bò wọ́n. Fọ́tò kò lè fi wọ́n hàn. Gíláídà àkọ́kọ́ sáré wọ inú kòtò, táyà rẹ̀ ṣí kúrò, ó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Gíláídà kò sì ṣeé yí padà sókè: tí awakọ̀ bá ti já okùn, bíbalẹ̀ ló kù. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí àwókù náà nígbà tó ti sún mọ́ ilẹ̀ tán, á fẹ́ fò ó, á sì wó lé òmíràn lórí tàbí kó wọ inú igbó lọ. Àwọn tó wà nílẹ̀ ń sáré ti àwókù kúrò lọ́nà, wọ́n sì ń ṣí iná atọ́nà nípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò yá tó àwọn tó ń bọ̀ láti òkè.

Gíláídà kan wà tó gbé katapílà. Ó gba àárín igi méjì kọjá, àwọn igi náà sì gé apá rẹ̀ méjèèjì dànù. Katapílà já kúrò nídìí, ó ń bọ̀ wá tẹ àwọn awakọ̀ pa. Àmọ́ wọ́n ti fi okùn so ẹrù mọ́ imú lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹrù bá ń lọ síwájú, imú á gbéra sókè. Imú gbé awakọ̀ méjèèjì sókè lórí àga wọn, katapílà gba abẹ́ wọn jáde, imú sì tún wálẹ̀. Wọ́n yè. Wọ́n ṣe ètò okùn yẹn kí ọkọ̀ lè tètè jáde ni, kò sẹ́ni tó ṣe é láti gba ẹ̀mí là.

Mike Calvert, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ àdììtú méjì tó lè fi ránṣẹ́, orúkọ oúnjẹ sì ni méjèèjì. "Soya Link", sọ́séèjì ẹ̀wà sóyà tí gbogbo sójà kórìíra, ló dúró fún pé nǹkan ti bàjẹ́. "Pork Sausage" ló dúró fún pé ó ti dára. Lóru, Soya Link ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá àwọn tó kù padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ka ẹni tó kù, ó rí i pé katapílà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó wá fi Pork Sausage ránṣẹ́. Wọ́n tún ilẹ̀ ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, tí Dakota fi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 9,000 èèyàn, pẹ̀lú ìbaaka àti ẹṣin tí àpapọ̀ wọn lé ní 1,300, ti wọlé. Wọn kò tún so gíláídà méjì mọ́ Dakota kan mọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Ibí ni àwọn sójà Nàìjíríà ti wọ̀ ọ́. Bírígéèdì Kẹta ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, Dakota ló gbé wọn wọ pápá mìíràn tí wọ́n ń pè ní Aberdeen, láti ìparí oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá ṣọ́ odi White City, tó gba orúkọ rẹ̀ lára páráṣúùtù funfun tó há sórí igi. Àfonífojì tí òkè yí ká ni Aberdeen wà, pápá rẹ̀ kò sì gùn. Ní irú ibẹ̀, ẹrù tí wọn kò so dáadáa ló léwu jù. Bí Dakota bá gbé imú sókè láti gun òkè tí ẹrù sì sún sẹ́yìn, ìdí bàálù á wúwo, imú á máa ga sí i ju bí awakọ̀ ṣe fẹ́ lọ, apá á pàdánù atẹ́gùn tó gbé e dúró, bàálù á sì já lulẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọparun ṣe ọgbà fún ìbaaka nínú bàálù, tí ẹni tó ń tọ́jú ẹran náà sì ní àṣẹ láti yìnbọn pa á bó bá ya wèrè lófuurufú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, Wingate fúnra rẹ̀ wọ bàálù Mitchell láti Imphal, ó ń padà sí Lalaghat. Bàálù náà forí sọ òkè nítòsí Bishnupur, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú, oníròyìn méjì wà lára wọn. Wọn kò fìdí ohun tó fà á múlẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kú jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kò sì ṣeé ṣe láti ya egungun wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà Arlington ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wá sin gbogbo wọn sí pọ̀ ní 1950, òun ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì náà pẹ̀lú wọn.