Búrẹ́dì tí mo gbé wọ Ògbómọ̀ṣọ́

Òwódé l'Ọ̀yọ́ ni mo ti ra búrẹ́dì méjèèjì. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ o. Dẹ́rẹ́bà ń rọra nítorí èrò, ni ọmọbìnrin kan bá sáré tẹ̀lé wa, àwo búrẹ́dì lórí, ó ń pariwo pé "Agége gbígbóná rè é!" Irọ́ ni. Oòrùn ló pa á tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ kí àgbà kì í mi apá lọ, mo bá na owó sí i láti ojú fèrèsé.

A ti jáde nílùú kí n tó wo ohun tó wà lórí itan mi dáadáa. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń ra búrẹ́dì l'Ọ̀yọ́, mo ń gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú tì mí díẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láàárín 1993 sí 1999, búrẹ́dì kì í wọ àdúgbò wa láti ibòmíì, inú rẹ̀ ló ti ń jáde. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn á kọ́kọ́ yà ra méjì tàbí mẹ́ta kó tó lọ wọkọ̀. Búrẹ́dì ló ń jẹ́rìí pé èèyàn rìnrìn àjò. Bí o bá dé láìmú un dání, àwọn ọmọ ilé á kí ọ káàbọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní gba báàgì lọ́wọ́ rẹ.

Láti Ọjọ́ọ̀ ni mo ti gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. A gba Mòníyà kọjá, a dé Fìdítì níbi tí wọ́n ti kó ọsàn àti ìbẹ́pẹ jọ gègèrè sẹ́bàá títì bí ìgbà tí wọ́n ń múra ọdún, lẹ́yìn náà Ìlọrà, lẹ́yìn náà Ọ̀yọ́. Ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti gbà á rí kò nílò kí n rò ó fún un, ẹni tí kò gbà á rí kò ní gbà mí gbọ́. Ìgbà tí a dé Odò-Ọbà ni ẹ̀yìn mi tó gbà pé a ti fẹ́ dé.

Ilé búrẹ́dì mẹ́ta ni mo mọ̀ ní kékeré. Ọ̀kan wà nítòsí Tákíé, ọ̀kan wà lẹ́yìn Ọjà-Ìgbó, ẹ̀kẹta wà ní àdúgbò tiwa gan-an, kò ju ilé mẹ́rin sí ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà. Gbogbo wọn ló ní orúkọ tí wọ́n kọ sórí bọ́ọ̀dù, àmọ́ a kì í pe orúkọ yẹn. "Ilé búrẹ́dì" la ń pè é, bí wọ́n bá sì rán ọ níbẹ̀, o mọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Èéfín igi ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn èéfín ni òórùn yíìsì, tó kan díẹ̀ bí omi ògì. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, òórùn ṣúgà tó ń pọ́n lójú iná á wọlé látojú fèrèsé, kò sí bí o ṣe fẹ́ da aṣọ borí kó má bá ọ. Ládáànì á máa pe ìrun, òórùn náà á máa pe tiẹ̀. Mo mọ bàbá kan ládùúgbò wa tó máa ń gba ilé búrẹ́dì kọjá lọ kírun, tó sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ló yá jù.

Àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ti ń dúró de òwúrọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n kì í tò fúnra wọn. Àwo wọn ni wọ́n ń tò sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá ògiri, àwọn fúnra wọn á jókòó sórí ìtì igi, wọ́n á fi ìró bora, wọ́n á máa tòògbé. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwo ẹlòmíì. Mo ti rí ìjà níbẹ̀ rí nítorí àwo tí wọ́n tì síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti máa wò jù ni bàbá tó ń dí iná. Amọ̀ ni ààrò náà, ó tóbi tó yàrá kékeré, ẹnu rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dá igi, títí ògiri yóò fi mu ooru dáadáa. Bàbá á wá wọ́ ẹ̀yinná jáde, á ti àpò tútù tí wọ́n so mọ́ igi gígùn bọ̀ ọ́, á fi gbá ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á bu fúláwà díẹ̀ láàárín ìka méjì, á fọ́n ọn sínú. Bó bá dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, iná pọ̀, kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Bó bá rọra pọ́n bí hóró àgbàdo tí wọ́n yan, á mi orí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki agolo wọlé. Kò ní aago kankan lọ́wọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ni ẹ̀rọ tó ń lọ ìyẹ̀fun pípò wà, irin rọ́bọ́tọ́ méjì tó ń yí. Wọ́n á ti ìyẹ̀fun náà bọ àárín wọn, á jáde pẹlẹbẹ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, títí á fi dán bí awọ ìlù. Ohun tó ń mú kí búrẹ́dì irú ti Agége le lẹ́nu díẹ̀ nìyẹn, tí kì í fi tú nínú tíì. Ará Jàmáíkà kan tí wọ́n ń pè ní Amos Shackleford, tó wá bá rélùwéè ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní 1913, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní 1921, tó ṣe é débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Àwa ò mọ èyí nígbà náà. Lójú tèmi, bàbá oníná yẹn lọba.

Ní ọyẹ́ kan, Ìyá àgbà rán mi lọ ra búrẹ́dì fún àlejò. Òtútù mú débi pé ètè mi ti là. Ó gbóná nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, mo bá tì í bọ abẹ́ súwẹ́tà iléèwé mi, mo fi apá méjèèjì dì í mọ́ àyà. Mi ò tíì gbádùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo yọ ọ́ níwájú àlejò, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá àgbà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Búrẹ́dì ni mo rán ọ, ṣé bàtà lo lọ rà bọ̀ ni?" Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé Ìyá àgbà kò ka búrẹ́dì sí oúnjẹ. Ọmọ Ajílété ni, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. "Oúnjẹ afẹ́fẹ́" ló ń pè é, àmọ́ ìdí búrẹ́dì tó pọ́n dáadáa, òun ló máa ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo dé, mo gbé búrẹ́dì kan fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, mo sì mú ìkejì dání jáde. Ti Tákíé ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ti ẹ̀yìn Ọjà-Ìgbó, wọ́n ti wó o, wọ́n ti mọ ògiri bílọ́ọ̀kù yí ilẹ̀ náà ká. Tiwa ṣì dúró. Páànù orí rẹ̀ ti ṣí lápá kan, koríko ti gba ibi tí àwọn àwo máa ń tò sí, adìyẹ kan sì ń sàba lẹ́nu ààrò.

Ta ni mo bá níwájú rẹ̀? Bàbá oníná fúnra wọn, lórí àga, wọ́n ń ta èédú. Mo kúnlẹ̀. Mo dárúkọ Ìyá àgbà kí wọ́n tó dá mi mọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín: "Ìwọ onísúwẹ́tà!"

Mo bi wọ́n pé kí ló pa ilé búrẹ́dì. Wọ́n ní ohun tó yẹ kó pa á pọ̀, kò kú. Ní 1987 tí ìjọba Babangida fòfin de wíìtì, ọkà tí wọ́n ń lọ di fúláwà, láti òkè òkun, wọ́n fi àgbàdo lú fúláwà. "Àgbàdo kì í fà, ọmọ mi. Ó ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ bí ilẹ̀ gbígbẹ." Wọ́n fara dà á títí wọ́n fi ṣí i ní 1992. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí wọ́n yé fi bromate, èròjà tó ń mú kí búrẹ́dì wú, sí i, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìsí i. Ìgbà tí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 wọ 2017, búrẹ́dì ń bu lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì ń dáná lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Dísù àti fúláwà gbówó lórí ní 2022, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Alága tó ni ilé búrẹ́dì kú. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó, àwọn kan wà lókè òkun. Ta ló fẹ́ máa jí ní aago méjì òru?"

Mo dákẹ́. Èmi náà ń gbé Ìbàdàn, aago méje ni mo ń jí, mo sì ń ráhùn.

Mo gbé búrẹ́dì fún wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n tú ọ̀rá rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yí i dé, wọ́n fi oríkèé ìka kan ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tẹ́tí sí i bíi pé ẹnìkan fẹ́ dáhùn láti inú.

"Inú ẹ̀ ò jinná," ni wọ́n wí. "Wọ́n kánjú yọ ọ́. Níbo lo ti rà á?"

"Ọ̀yọ́ ni, Bàbá."

"Ọ̀yọ́!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n wá fa ìdí rẹ̀ ya, wọ́n nà án sí mi, àwọn náà sì ń jẹ ìyókù láìsí tíì, láìsí omi. Adìyẹ gbọ́ ìró ọ̀rá, ó dìde lórí ẹyin, ó jáde lẹ́nu ààrò, ó wá ń ṣa èérún lẹ́sẹ̀ wa.