Lẹ́tà Tí Kò Polówó Ọjà Mọ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ Robert Cottingham, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fọ́tò ni mo pè é. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa ni mo tó rí i pé ọ̀dà ni, pé ọwọ́ ènìyàn ni ó fi sùúrù ya ọ̀pá iná níọ́ọ̀nù náà àti òjìji tí ó jù sára páànù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri. Ó dá mi lójú pé ìdí ìpolówó ọjà ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan, kí ó tó di pé ó fi ojú kan náà wo irin.

Brooklyn, ní New York, ni wọ́n bí i sí ní 1935. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pratt Institute, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí ń darí iṣẹ́ àwòrán ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó Young & Rubicam, èyí tí ó gbé e láti New York lọ sí Los Angeles. Ní 1968, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ àwòrán yíyà. Nígbà tí yóò fi di 1972, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá tí a ń pè ní Documenta 5 ní ìlú Kassel, ní Jámánì.

Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó rí mọ̀ pé a kì í fi lẹ́tà ṣeré. Bí ó ṣe tóbi tó, bí ó ṣe tẹ̀ àti àwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a fi ń mú ojú oníbàárà. Ìmọ̀ yìí ni Cottingham kó dání nígbà tí ó gbé kámẹ́rà, tí ó ń gbójú sókè wo pátákó àwọn ilé ìtàjà àti ilé sinimá àtijọ́ ní àárín ìlú Amẹ́ríkà. Ohun tí ó wá ṣe sí wọn ni kò sí ọlọ́jà tí yóò gbà fún un: ó gé ọ̀rọ̀ náà kù. Nínú àwòrán kan, lára orúkọ ilé sinimá Orpheum, “Orph” nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Pátákó tí a kò lè ka orúkọ rẹ̀ tán kò lè ta ọjà fún ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ni ó kù fún wa láti wò.

Kì í ṣe pé ó kàn ń da fọ́tò kọ. Ó máa ń fi ẹ̀rọ tan ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sórí bébà, yóò fa ìlà rẹ̀, yóò sì kọ́kọ́ yà á ní dúdú àti funfun kí ó lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé. Ẹ̀yìn èyí ni àwọ̀ tó dé, ohun tí kò bá sì bá àwòrán mu, yóò yí i padà.

Àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọkàn mi jù ni èyí tí ó pè ní Rolling Stock, níbi tí ó ti ya ẹ̀gbẹ́ wágọ̀nù akẹ́rù ti rélùwéè Amẹ́ríkà. Kò gbójú sókè mọ́ níbí. Iwájú ògiri irin náà gan-an ni ó dúró sí, pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́ rélùwéè, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀. Lára irú wágọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ LD LMT sí, èyí tí ó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí kò gbọdọ̀ kọjá, àti LT WT, ìwọ̀n wágọ̀nù náà lófìfo. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí ó má baà di ẹrù jù. Lẹ́tà tí kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá rajà nìyẹn, mo sì gbà pé ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣètò lẹ́tà tí ń bẹ̀bẹ̀ ni yóò tètè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó tún sún mọ́ irin sí i nínú àwọn àwòrán tí ó pè ní Components: ẹ̀yà ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí à bá gbé sọ́wọ́, ni ó yà tóbi títí ó fi gba gbogbo ojú àwòrán, tí ó sì ga bí ilé tí ènìyàn lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé.