Ta Ló Ń Sanwó Iṣẹ́ fún Investment Bank? Ọ̀rọ̀ fún Ará Èkìtì Tó Ní Iléeṣẹ́ Tàbí Owó Ìfẹ̀yìntì

Tí ẹnìkan bá wá bá yín ní Adó-Èkìtì tàbí Ìkòlé, tó ní òun ń ṣojú investment bank kan l'Amẹ́ríkà, pé kí ẹ kó owó ìfẹ̀yìntì yín fún òun kí èlé tabua máa wọlé lóṣooṣù, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Ẹ bi í pé ta ni báńkì náà ń bá wá owó, ta ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún un. Kò ní rí i dáhùn, torí iṣẹ́ tí wọ́n dá irú báńkì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń wí. Ìbéèrè kejì yẹn, ta ló ń sanwó iṣẹ́, ṣe pàtàkì ju orúkọ báńkì lọ, òun ni mo sì fẹ́ fi tú ọ̀rọ̀ yìí.

Alágbàtà ni àwọn investment bank. Ìjọba tàbí iléeṣẹ́ kan ń wá owó tó pọ̀ ju èyí tí báńkì kan ṣoṣo lè yá a. Lápá kejì, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, iléeṣẹ́ adójútòfò àti àwọn olówó ń wá ibi tí wọn yóò fi owó sí. Investment bank ló ń mú wọn pàdé, ẹni tó ń wá owó ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún un. Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ra òmíràn, tàbí tí oníléeṣẹ́ fẹ́ ta tirẹ̀, wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn lórí iye àti àdéhùn. Àwọn ńlá inú wọn tún ń ra ṣíà (ìpín nínú iléeṣẹ́) àti bọ́ǹdì (ìwé gbèsè tí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ń tà), wọ́n ń tà wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń bá olówó bójú tó dúkìá.

Títa ṣíà fún aráyé ló yẹ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ṣìnà. Báńkì á kọ́kọ́ tú ìwé owó iléeṣẹ́ wò, lọ́yà àti àwọn oníṣirò owó á wọlé, wọ́n á kọ ìwé ńlá tó sọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, rere àti búburú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn olówó, tí wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá fẹ́ ṣíà báyìí ní iye báyìí. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọn yóò tà á. Àdéhùn oríṣi méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, báńkì fúnra rẹ̀ ra gbogbo ṣíà náà ní iye tó dín díẹ̀, ó sì tún un tà. Bí kò bá tà, ọrùn báńkì ni. Nínú èkejì, báńkì kàn ṣèlérí pé òun yóò sapá. Bí kò bá tà, ọwọ́ òfo lẹ óò bá délé. Owó iṣẹ́ méjèèjì kò yẹ kó dọ́gba. L'Amẹ́ríkà, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀ fún iléeṣẹ́ tí kò tóbi jù tó ń kọ́kọ́ wọ ọjà. Facebook tó wọ ọjà ní 2012 pẹ̀lú dọ́là bílíọ̀nù 16 san bíi ìdá 1.1 péré, torí àwọn báńkì ló ń dù ú.

Lára iṣẹ́ Facebook náà la ti rí ohun kan tí kì í hàn sí ará ìta. Báńkì sábà máa ń ta ṣíà ju èyí tí iléeṣẹ́ kó sílẹ̀ lọ, títí dé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí iye bá ń já bọ̀, wọ́n á ra àfikún náà padà lọ́jà, ìrà yẹn á sì gbé iye dúró. Bí ó bá ń gòkè, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gba àfikún náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ní iye ọjọ́ àkọ́kọ́. Dọ́là 38 ni wọ́n ta ṣíà Facebook. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn báńkì ń rà á bí ó ti ń fẹ́ yẹ̀, ó parí sí 38.23. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti di 34. Nítorí náà, iye ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ṣíà dára.

Ní ti àwọn tó ga jù lágbàáyé, ìtàn Amẹ́ríkà ló tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Goldman Sachs ti wà láti 1869. Ní 1933, lẹ́yìn tí báńkì rẹpẹtẹ ti wó, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó ya báńkì tó ń gba owó ìfipamọ́ kúrò lára èyí tó ń ta ṣíà. Òfin yẹn ló mú kí àwọn kan kúrò ní J.P. Morgan ní 1935 lọ dá Morgan Stanley sílẹ̀. Ní 1999 wọ́n tú ìpínyà náà ká. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí 2008 fi dé: JPMorgan gba Bear Stearns ní oṣù Kẹta, Lehman Brothers wọlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, Bank of America sì gba Merrill Lynch. Ohun tó pa Lehman kò ṣòro láti lóye. Ó ń fi owó tó yá fún ọjọ́ mélòó kan ra ẹ̀yáwó ilé tí kò ṣeé tà kíákíá, nínú nǹkan bí dọ́là 30 tó sì ní lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni tirẹ̀ gan-an. Nígbà tí àwọn ayánilówó kọ̀ láti tún un yá, ó tán. Kí oṣù náà tó parí, Goldman Sachs àti Morgan Stanley ti sá wọ abẹ́ àbójútó báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bíi báńkì yòókù.

Barclays ló kó iṣẹ́ Lehman l'Amẹ́ríkà, Nomura ti Japan kó ti Éṣíà àti Yúróòpù. Deutsche Bank, BNP Paribas àti UBS ló ṣì lórúkọ ní Yúróòpù. Credit Suisse tó ti wà láti 1856 kò sí mọ́: ní oṣù Kẹta 2023, UBS rà á ní bílíọ̀nù 3 owó Switzerland láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ra irú bọ́ǹdì rẹ̀ kan sì pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 16 pátápátá. Ìwọ̀n orúkọ kì í gba báńkì là. Ṣáínà ní CICC àti CITIC Securities, South Africa ní Standard Bank àti Rand Merchant Bank.

Àwọn mìíràn kì í sábà yánilówó, wọn kì í sì í sábà ra ṣíà fún ara wọn. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń tà jù. Lazard ti 1848 wà lára wọn, Rothschild, Evercore tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, Centerview, Moelis, PJT, àti Houlihan Lokey tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún iléeṣẹ́ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Ojú mi dára sí irú wọn ju àwọn ńlá lọ nígbà tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ ta ara rẹ̀, torí ọjà mìíràn tí wọ́n ń bò kò pọ̀ tó ti àwọn ńlá. Síbẹ̀, bí àdéhùn bá parí ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn ń wọlé. Ìmọ̀ràn pé "ẹ má tà" kì í sábà mówó wá.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí báńkì bá dúró sápá méjì. Ní 2011, nígbà tí Kinder Morgan fẹ́ ra El Paso, iléeṣẹ́ gáàsì l'Amẹ́ríkà ni méjèèjì, Goldman Sachs ń gba El Paso nímọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ó ní ìpín tó tó dọ́là bílíọ̀nù 4 nínú Kinder Morgan tó ń rà. Adájọ́ ní ìpínlẹ̀ Delaware l'Amẹ́ríkà bá ìwà náà wí gidigidi ní 2012. Ti Malaysia burú jù. Goldman Sachs bá iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ 1MDB ta bọ́ǹdì dọ́là bílíọ̀nù 6.5 ní 2012 àti 2013, ó sì gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 lórí rẹ̀. Ìyẹn sún mọ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ sábà ń wà ní ìsàlẹ̀ ìdá kan. Owó púpọ̀ nínú rẹ̀ di èyí tí wọ́n jí kó. Ní 2020, báńkì náà gbà láti san ju dọ́là bílíọ̀nù 2.9 lọ fún ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn. Ìjọba tó bá ń san owó iṣẹ́ tó ga bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì kò jìnnà sí wa rárá. Ní ìparí 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì yá bílíọ̀nù náírà 20 nípasẹ̀ bọ́ǹdì ọlọ́dún méje, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀: èlé ọdún kan lórí gbogbo owó náà jẹ́ bílíọ̀nù 2.9, kí a tó mẹ́nu kan owó tí wọ́n yá gan-an. Bọ́ǹdì ìpínlẹ̀ kì í dúró de kí gómìnà rántí san. Ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa yọ ọ́ láti Abuja kí ìpín oṣooṣù tó dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó fi ń rà á, ìdí náà sì nìyẹn tí owó tó ń dé Adó fi ń dín. Ìjọba àpapọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Ní oṣù Kejìlá 2024 ó yá dọ́là bílíọ̀nù 2.2, apá kan ní èlé 9.625, èkejì ní 10.375. Citigroup, Goldman Sachs, JPMorgan àti Standard Chartered ló bá a tà á.

Ní Nàìjíríà, báńkì àpapọ̀ ló ń fún merchant bank, irú báńkì tó ń ṣe lára iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa, ní ìwé àṣẹ. Coronation, FSDH, Greenwich àti Rand Merchant Bank wà lára wọn. Ní 2024 ó gbé owó ìdásílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní láti bílíọ̀nù náírà 15 lọ sí 50. Àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ ta ṣíà àti bọ́ǹdì sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ issuing house lọ́wọ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà àti ìdókòwò. Chapel Hill Denham, Stanbic IBTC Capital, Cordros àti United Capital jẹ́ àpẹẹrẹ.

Ká ní ẹ ní iléeṣẹ́ tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di gààrí àti ṣítáàṣì ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ sì fẹ́ mílíọ̀nù náírà 100 láti fi kún ẹ̀rọ. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ issuing house. Owó lọ́yà, owó oníṣirò àti owó ìforúkọsílẹ̀ kì í kéré torí pé ẹ̀yin kéré. Wọ́n á jẹ owó náà tán. Báńkì tẹ́ ẹ ń lò tàbí Bank of Industry, báńkì ìjọba tó ń yá iléeṣẹ́ lówó, ló kàn yín. Tó bá di bílíọ̀nù mélòó kan, tàbí ẹnìkan fẹ́ rà lára iléeṣẹ́ yín, ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn wọn wúlò.

Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ ní ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí oníṣirò tó níwèé àṣẹ ti yẹ̀ wò, ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀) tó bá ipò ìsinsìnyí mu, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, gbogbo gbèsè, àti ìwé ilẹ̀. Ohun méjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ní ilẹ̀ wa: owó iléeṣẹ́ àti owó ilé tó wà nínú àkáǹtì kan náà, àti ilẹ̀ iléeṣẹ́ tó ṣì wà lórúkọ bàbá tó ti kú. Èkejì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù láti tún ṣe láàárín ẹbí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé àdéhùn wọn lẹ́ẹ̀mejì. Owó oṣooṣù tí wọ́n ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó àṣeyọrí, ìyẹn èyí tí wọ́n ń gbà bí àdéhùn bá parí. Ẹ fi òpin sí owó ìrìnnà àti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo gbólóhùn tó ní wọ́n ṣì lè gba owó bí ẹ bá parí àdéhùn lẹ́yìn tí ẹ ti lé wọn. Ọdún kan sí méjì ló wọ́pọ̀. Ẹ béèrè pé kó jẹ́ kìkì fún àwọn tí wọ́n fi hàn yín, kí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé. Ní ti owó àṣeyọrí, ìlànà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lehman formula ṣì ń wáyé: ìdá 5 lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́, 4 lórí èkejì, 3, 2, lẹ́yìn náà ìdá kan lórí gbogbo ìyókù. Lórí dọ́là mílíọ̀nù 10, ó di 200,000. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ìdá 5 lórí gbogbo rẹ̀, tàbí tó fẹ́ gba ìdá lórí owó tí wọ́n ṣèlérí dípò èyí tó wọ àkáǹtì.

Fún ẹ̀yin tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tiyín rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. MMM ti àkáǹtì pa ní oṣù Kejìlá 2016, CBEX wó ní oṣù Kẹrin 2025, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ ni àwọn méjèèjì, wọ́n ṣèlérí èlé tí kò sí báńkì ayé kan tó ń san án. Òfin ìdókòwò 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lórí sec.gov.ng, kí ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí àṣẹ rẹ̀ kà sí i. Ìwé CAC nìkan kì í ṣe àṣẹ láti gba owó aráàlú. Ẹ má san owó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn. Bí ṣíà lẹ rà, ẹ béèrè nọ́ńbà àkáǹtì yín ní CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà gbogbo ènìyàn, lọ́wọ́ alágbàtà, kí ẹ sì rí i pé ìpín yín ti wọlé síbẹ̀. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ wàhálà ọjà, ìjọba àpapọ̀ ń ta bọ́ǹdì ìfipamọ́ ọlọ́dún méjì àti mẹ́ta lóṣooṣù. Láti 5,000 náírà lẹ lè bẹ̀rẹ̀, èlé ń wọ àkáǹtì báńkì yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, alágbàtà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé DMO, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè, ló sì ń bá yín rà á.