Ọjọ́rú, òjò, àti ọ̀rọ̀ abẹ́ fèrèsé

Iná dé láago mẹ́rin. Omi ò tíì dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ṣì wà níbi tí ẹ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Mo lọ sí ilé ìwé kan lẹ́yìn Bódìjà n'Íbàdàn níbí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ olùkọ́, mo padà, mo jẹ àmàlà. Ọjọ́ mi nìyẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni gbólóhùn kan tí ìyá tó nilé ìwé náà sọ, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. A ti dágbére, òjò ló dá mi dúró lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì wọn, fèrèsé náà ò sì pa dé dáadáa. Mo gbọ́ tí bọ́sà, akápò wọn, ní, "Mọ́mì, ṣé ká wá mú Àǹtí yìí ni?" Mọ́mì ní, "Fi sílẹ̀ ná. Kò ní pẹ́ lọ."

Kò sí ìbínú lóhùn wọn rárá. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò yìí ò ní pẹ́ dá ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kò ní pẹ́ lọ. Mo gbé e dé Mọ́kọ́lá, mo gbé e délé, mo gbé e síwájú àmàlà.

Bẹ́ẹ̀ inú wọn dùn sí mi nígbà tí mo wà níwájú wọn o. Wọ́n ní kí n ka ìwé ìtàn ọmọdé kan sókè, wọ́n pe olùkọ́ méjì wá gbọ́. Wọ́n ní àwọn òbí máa fẹ́ràn ẹnu òyìnbó yìí gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo ilé ìwé. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó, wọn ò pè é lẹ́nu. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpolówó ilé ìwé wọn, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fi ìka kan tì í wá sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ike omi tí wọ́n gbé fún mi. ₦65,000.

Ẹ̀yin tí a jọ ń bọ̀ láti ìgbà Woolwich, nígbà tí mo ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ̀ pé owó kọ́ ló gbé mi wá síbí. Síbẹ̀ mi ò lè ṣe kí n má ṣírò. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n sọ owó wákàtí kan tó kéré jù fún àgbàlagbà ní Ìlú Ọba di £12.21, pọ́n-ùn kan sì ń lọ sí bí ₦2,000 lọ́dún náà. Owó oṣù tí bírò pupa kọ yìí, ẹni tó ń to ọjà sórí pẹpẹ ní Woolwich á ti pa á kó tó jẹun ọ̀sán. Ìjọba Ọ̀yọ́ ní òṣìṣẹ́ àwọn ò gbọdọ̀ gbà dín ní ₦80,000, ìjọba àpapọ̀ ní ₦70,000 láti 2024. Ó ti dé ẹnu mi kí n sọ ọ́, ni mo bá rántí pé òfin yẹn ò mú ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti tó 25. Mo kà wọ́n nínú: àwọn olùkọ́, awakọ̀, ọlọ́dẹ, ìyá tó ń se oúnjẹ. Wọn ò tó.

Ṣùgbọ́n mi ò san owó ilé níbí. Ilé Màmá ni mo wà. Yàrá tí mo gbé lọ́hùn-ún, tí mo bá na apá méjèèjì mo kan ògiri, ó ń jẹ ju ìdajì owó oṣù mi lọ. Kí ni mo wá ń ṣírò gan-an? Bí mo bá ṣe é láàárọ̀, mo jèrè. Bí mo bá ṣe é lálẹ́, mo pàdánù.

Kì í ṣe owó ló ń dùn mí. Ó dùn mí pé wọ́n sọ "kò ní pẹ́ lọ" yẹn bí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ta ló sọ fún wọn? Kí ni wọ́n rí lára mi? Bóyá omi yẹn ni. Kí n tó mu ún, mo kọ́kọ́ yẹ ìdérí rẹ̀ wò bóyá ẹnì kan ti ṣí i rí. Mọ́mì rí mi.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí kò bá gbọ́: mi ò lọ mọ́. Mo ti ta bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé onílé lọ́wọ́. Síìmù Lọ́ńdọ̀nù tí mo ṣì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí báńkì ni o, kóòdù wọn ò lè wọlé sórí nọ́ńbà míì. Nítorí báńkì nìkan ni. Páálí tó wà lọ́dọ̀ Àǹtí mi ní Thamesmead náà ńkọ́, èyí tí mo ní kí wọ́n má tíì fi ránṣẹ́… ẹ̀wù òtútù ló wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀wù òtútù ṣe n'Íbàdàn?

Màmá náà, nígbà tí wọ́n kó wa dé Lọ́ńdọ̀nù, ọdún márùn-ún péré ni wọ́n ní. Gbogbo ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń sọ ọ́ nígbà náà: kí ọmọ yìí ṣáà kàwé jáde, kí n ṣáà parí ilé mi tó wà n'Íbàdàn, ẹ ò tún ní rí mi níbí. Wọn kì í ra àga gidi. Àpótí ìrìnàjò wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù nílé gbogbo wọn, eruku bò ó, wọn ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e sọ̀ kalẹ̀. Màmá parí ilé wọn o. Pálọ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ eléyìí. Tí ẹ bá ro gbogbo ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn sùn nínú rẹ̀ pọ̀, mi ò rò pé ó tó oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ní kò ní pẹ́ lọ, nígbà míì…

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Bọ́sà béèrè ìwé àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò ní. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà tí mo gboyè. Mo ní méjìlélógún. Ó ní, "Háà, Àǹtí, ẹ máa sìnlú o." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí kò bá tíì lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde ní yunifásítì gbọ́dọ̀ sìnrú ìlú fún ọdún kan, ì báà jẹ́ òkè òkun ló ti kàwé. Ọjọ́ tó gboyè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo bó ṣe dàgbà tó lónìí. Ẹ fojú inú wò mí nínú aṣọ kakí ní àgọ́ Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n máa fọn fèrè jí mi ní ìdájí, èmi àti àwọn ọmọ tí mo lè bí, ká jọ tò sórí ìlà. Orúnkún mi ti ní òun ò bá mi lọ. Ìdánwò TRCN, àjọ tó ń fún olùkọ́ níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, tún wà ńlẹ̀ fún èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ yìí. Ìyẹn kò tiẹ̀ dùn mí. Ó yẹ kí wọ́n dán èèyàn wò.

Láàárọ̀ mi ò bínú o, alẹ́ yìí ni inú ń bí mi, nítorí mo jókòó mo ronú rẹ̀: ta ni kò lọ ní ilé ìwé yẹn? Fọ́tò àwọn ọmọ Mọ́mì wà lára ògiri lẹ́yìn wọn, ọ̀kan wà nínú yìnyín ní Kánádà, fìlà onírun bò ó dé ojú. Bọ́sà fúnra rẹ̀, bí Mọ́mì ṣe jáde lọ gba ìpè, ó rọra bi mí bóyá ẹni tó bá lọ tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba ṣì lè kó ìyàwó àti ọmọ dání. Mo ní wọ́n ti fòpin sí ìyẹn ní oṣù Kẹta 2024, àti pé láti oṣù Keje 2025 wọn ò gba ẹni tuntun láti òkè òkun sí iṣẹ́ náà mọ́. Ojú rẹ̀ rọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Gbogbo wọn ló kọjú sẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo ń wọlé ni wọ́n wá ní kò ní pẹ́ jáde.

Àbí ohun tó fà á gan-an nìyẹn? Bóyá ẹni tó mọ̀ pé òun ìbá lọ bí àyè bá yọ… Rárá. Mi ò fẹ́ máa ro inú oníinú lálẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba ẹlòmíì bíi tèmi rí, tó lọ láàárín sáà kan, tó fi kíláàsì sílẹ̀ fún wọn. Èmi náà ì bá bẹ̀rù.

Micra tí mo wọ̀ padà ṣe mí lóore. Awakọ̀ ní kí oníkálukú mú ṣéńjì rẹ̀ lọ́wọ́ o, òun ò ní ṣéńjì. A mẹ́rin lẹ́yìn, ìyá kan gbé agbọ̀n tòmátì lẹ́sẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ sún, ẹ sún dáadáa." Kò sẹ́ni tó bi mí ìgbà tí mò ń padà. Ìdí mi nìkan ni wọ́n ní kí n sún.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n pè wá gbọ́ mi gba nọ́ńbà mi lẹ́nu géètì. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn ní girama wọn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó gbọ́ pé láti 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti Nàìjíríà láyè láti wá ìwé àṣẹ olùkọ́ wọn, ṣé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo dá a lóhùn. Mo ní QTS ni wọ́n ń pè é, orí ìkànnì ìjọba wọn ni kó lọ, ọ̀fẹ́ ni, kó má fún ẹnikẹ́ni lówó. Mo ní kó wá ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ jáde, kó sì tètè lọ bá TRCN fún lẹ́tà. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi gan-an. Ó wá ní, "Àǹtí, tí mo bá ti rí i ṣe, màá dárúkọ yín fún Mọ́mì, kí wọ́n fún yín ní kíláàsì mi." Mo ní ó ṣeun, àmọ́ ọmọ kéékèèké lèmi ń kọ́, mi ò rántí algebra kankan. Ó ní kò sí wàhálà, ẹnu mi á gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì, ti Akọ́bọ̀. Wọ́n ní kí n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì dání, mi ò sì tíì yà á.