Gòjé mẹ́rin l'Ọ́ṣogbo

Àbúrò mi ló fà mí lọ. Àmàlà ni mo fẹ́ lọ jẹ ní Òkè-Fìà, kí n sì sùn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ orin tí ò lo gbohùngbohùn."

Lóòótọ́, faolíìnì méjì, fíólà kan tó fi díẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ, ṣẹ́lò kan, ìyẹn gòjé ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, tán. Wọ́n fi Haydn bẹ̀rẹ̀, ará Austria tó kú ní 1809, tí wọ́n ń pè ní bàbá orin ẹlẹ́ni mẹ́rin yìí. Ó dùn o, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, oorun ti ń gbé mi lọ.

Àfi bí iná ṣe lọ! Òkùnkùn birimù. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. Làwọn èèyàn bá ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sójú ìwé orin wọn.

Tuntun lèyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn ló kọ ọ́. Ọmọ tó ń ta ṣẹ́lò yẹn gbé ọ̀pá tó fi ń ta á sílẹ̀, ó ń fìka já okùn, ó ń fàtẹ́lẹwọ́ lu ìdí ṣẹ́lò bí àkúbà. Màmá ẹ̀yìn mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ń fọhùn." Oorun dá lójú mi.

Ibi tí wọ́n ti ń tẹrí ba niná dé. Kò sẹ́ni tó hó.