Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn sí

Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ èèyàn, ẹsẹ̀ tuntun tí yóò wọ̀ ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ bá a sọ. Nísàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé tèmi, mi ò sì tíì dìde lórí ibùsùn tí àwọn ẹbí ti ń fi fídíò àwọn asáré hàn mí, àwọn tó ń wọ ẹsẹ̀ dúdú tó tẹ̀ sẹ́yìn yẹn. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Van Phillips, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà pàdánù ẹsẹ̀ kan ní 1976, ló dá a lárà láti fi kábọ́ọ̀nù ṣe ẹsẹ̀ tó ń ta èèyàn síwájú. Orúnkún tó ní kọ̀ǹpútà nínú náà wà: C-Leg, tí Ottobock ti Jámánì gbé jáde ní 1997, mọ ìgbà tó yẹ kó le àti ìgbà tó yẹ kó tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí lẹ máa kọ́kọ́ bójú tó, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ihò líle tó wà lókè ẹsẹ̀ tuntun, tí a ń ti ẹsẹ̀ tó kù, ìyẹn apá tó ṣẹ́ kù lára ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, bọ̀. Bí kò bá bá yín mu, ẹsẹ̀ tó wọ́n jù láyé á kàn fara ti ògiri ni. Orí egungun tí wọ́n gé kò lè gbé yín dúró. Egungun kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde lábẹ́ orúnkún náà kì í fẹ́ kí nǹkan kan tẹ òun. Ibi tó lè fara da ìwúwo ni iṣan líle tó wà láàárín egungun iwájú orúnkún àti ojúgun. Ní òpin àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ṣe irú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gbé ìwúwo sórí iṣan yẹn, wọ́n sì ṣì ń lò ó di òní. Àwọn míì máa ń pín ìwúwo náà ká gbogbo ẹsẹ̀, pẹ̀lú láínà sílíkóònù láàárín, ìyẹn àpò rírọ̀ tí a ń fà wọ ẹsẹ̀ tó kù kó tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé ẹsẹ̀ tó kù kì í dúró lójú kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó máa ń wú. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í joro, ó sì lè tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kì í ṣe tìkẹyìn. Bó bá ṣò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò túmọ̀ sí pé oníṣẹ́ ẹsẹ̀ tó ṣe é ò mọṣẹ́. Àní láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ á fún mọ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ìwúwo yín á ti fún omi inú ẹran jáde, ẹ̀ ẹ́ sì máa rì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá sanra tàbí tó rù á rí ìyàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín á rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbọ̀sẹ̀ pàtàkì ni a fi ń yanjú rẹ̀. Wọ́n máa ń ki jura wọn lọ, a sì ń fi nọ́ńbà pè wọ́n: 1, 3, 5. Ẹ máa gbé díẹ̀ sínú báàgì níbikíbi tí ẹ bá ń lọ. Bí ìsàlẹ̀ egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, ẹ ti rì jù: ẹ fi 1 kún un, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Bí ẹsẹ̀ náà bá dà bíi pé ó gùn jù, tàbí tí píìnì ìdí láínà, èyí tó máa ń há mọ́ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò há dáadáa, ìbọ̀sẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì ti ń sún mọ́ 10, ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ẹran ló ń joro, egungun kì í joro, ṣùgbọ́n orí méjèèjì ni ìbọ̀sẹ̀ ń ki sí. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un lẹ̀ ń fún egungun mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹsẹ̀, “ó ń dùn mí” nìkan ò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibẹ̀. Ṣé ìgbà tí gìgísẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni, àbí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò? Ṣé àárọ̀ ni, àbí ìrọ̀lẹ́? Ìbọ̀sẹ̀ mélòó lẹ wọ̀? Ẹ ya fọ́tò awọ ara ní kété tí ẹ bá bọ́ ọ, torí àpá pupa lè ti lọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Èyí tó bá parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 10 kò burú. Èyí tó bá dúró, àgàgà lórí egungun, ẹ má ṣe rìn lórí rẹ̀. Ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn ni kí wọ́n ju amọ̀ rírọ̀ díẹ̀ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bó bá pẹlẹbẹ pátápátá, ẹ ti ń fi egungun gúnlẹ̀. Bí ohunkóhun ò bá kàn án, àlàfo wà níbẹ̀, àlàfo yẹn sì lè mú kí orí ẹsẹ̀ wú kó sì dúdú. Ní tèmi, oníṣẹ́ tó wà nítòsí tí kì í kanra bí mo bá padà wá sàn ju ẹni tó lókìkí tó jìnnà.

Láínà: ẹ fi ọṣẹ tí kò lágbára fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ má fá irun ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ ọ́n lára tí egbò bá ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó máa fi dígí wò ó lójoojúmọ́.

Bàtà ńkọ́? Gíga gìgísẹ̀ bàtà tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n to ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi to ó. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga jù ú lọ á máa ti orúnkún síwájú, èyí tó kúrú á máa tì í sẹ́yìn. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ń lò jù lọ síbẹ̀, kì í ṣe bàtà òde.

Ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ kì í ṣe wèrè. Silas Weir Mitchell, dókítà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1871. V. S. Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ, náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo dígí fún un nínú àwọn ọdún 1990: ẹ̀ẹ́ gbé dígí sáàárín, ẹ̀ẹ́ máa mi ẹsẹ̀ tó pé, ọpọlọ á rí i bíi pé méjèèjì ló ń mì. Ó tù mí díẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọpọlọ yìí kan náà ló ń gbàgbé lóru. Èèyàn á ta jí, á fẹ́ tọ̀, á sọ ẹsẹ̀ tí kò sí sílẹ̀, ó di gbì! Ẹ gbé ọ̀pá abíyá síbi tí ọwọ́ yín á ti kọ́kọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó jókòó. Bẹ́ ẹ bá sì fi orí ẹsẹ̀ tó kù lulẹ̀, ẹ má ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.